Kò Sí Eegun Kankan Lọ́fun Mi

Halelúyà! Ọlọ́run tó la ọ̀nà sínú òkun, òun ló la ọ̀nà sí ọ̀fun mi! Ẹ bá mi gbé e ga! Ẹ tún gbé e ga lẹ́ẹ̀kan sí i! Mo jẹ ẹ̀bà láàárọ̀ yìí kí n tó wá. Ẹ̀bà, ẹ̀yin ará! Mo jẹ ẹ́, ó lọ, mo sì tún bù kún un. Ìyìn ni fún Olúwa.

Orúkọ mi ni Mautin. Ọmọ Ajido ni mí, iṣẹ́ ẹja ni mò ń ṣe lórí ọ̀sà, bí bàbá mi tó ti kú ṣe ṣe é. Ẹ̀ ń rí ìwé lọ́wọ́ mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá kàn dìde tí mo lanu, ibi tó dùn ún sọ nìkan ni màá sọ. Ìwé kẹta girama ni mo kà dé, Ègùn sì ni wọ́n fi tọ́ mi. Bí Yorùbá mi bá ta kókó, ẹ bá mi tú u. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Ọ̀pọ̀ yín ló rántí pé mo ti dúró níbí yìí rí, ní àsìkò òjò tó kọjá. Mo gbẹ bí igi àjẹ̀. Mo ní ẹ bá mi gbàdúrà, pé ọ̀tá kan nílé bàbá mi ló fi eegun há mi lọ́fun. Ẹ gbàdúrà náà. Ẹ gbà á tọkàntọkàn, ẹ làágùn. Ohun tí mi ò sọ fún yín lọ́jọ́ náà ni mo wá sọ lónìí.

Àwa ará Ajido máa ń ṣe àkájà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. A ó gé ẹ̀ka igi, a ó rì í mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà níbi tí omi kò ti jìn, a ó fi í sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹja á rí ibòji, á wọ ibẹ̀, á máa gbé ibẹ̀, á máa bí síbẹ̀. Tó bá tó àkókò, a ó fi àwọ̀n yí i ká, a ó fa igi kúrò, a ó kó ẹja. Ẹnikẹ́ni kì í dá àkájà ṣí láìpe ẹni tí wọ́n jọ rì í. Kò sí nínú ìwé òfin kankan, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ajido tí kò mọ̀ ọ́n.

Bàbá mi àti àbúrò wọn obìnrin ni wọ́n jọ ri èyí tí mò ń sọ. Ìyá Sẹ̀nàmí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ẹja ni wọ́n ń yan tà. Àwọn ni wọ́n gé igi náà. Ojú mi ló ṣe, bí wọ́n ṣe ń rù ú wá sétí omi títí awọ èjìká wọn fi bó. Bàbá mi kú kí àkájà náà tó tó ṣí. Ikú wọn dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lọ́kàn mi pé ohun tó jẹ́ ti bàbá mi, tèmi ni.

Ọjọ́ ìsinmi kan ni. Ẹ̀yin wà níbí, ẹ ń kọrin. Èmi àti ọ̀rẹ́ méjì tí mo pè láti Ajara, tí wọn kò mọ ẹni tó ni ín, a lọ ṣí àkájà náà. A kó ẹja inú rẹ̀, a gbé e gba orí omi lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wá, a tà á. Mo dé, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ mímọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Sẹ̀nàmí wá. Wọ́n gbé bàsíà lọ́wọ́.

"Mautin, wọ́n ní igi wa ń léfòó lójú omi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ma. Omi ló fà á tu. Ẹja ti sá lọ."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Ma."

Wọ́n wò mí. Mi ò gbójú kúrò. Òpùrọ́ tó ti múra sílẹ̀ kì í gbójú kúrò. Wọn kò bú mi. Wọn kò sọ ohunkóhun. Wọ́n kàn gbé bàsíà náà, wọ́n dojú rẹ̀ dé orí ara wọn, wọ́n sì ń lọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe lọ́fun o. Ọkàn mi ló sọ fún mi pé: wọ́n ti dé e. Wọ́n ti dé nǹkan mọ́ ọ lórí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹpìyà fún mi. Ní òkèlè kejì, nǹkan gún mi lọ́fun. Ó lè jẹ́ pé eegun wà níbẹ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ apẹja wo ni eegun kò há lọ́fun rí? Mo gbé òkèlè ńlá mì láìjẹ ẹ́. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ìyá mi da àwọ̀n bàbá mi bò mí lórí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá tiwọn máa ń ṣe é kí eegun lè jáde. Mo jókòó sábẹ́ àwọ̀n bí ẹja ọ̀bọ̀kún. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kejì, ó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó wà níbẹ̀. Bí mo bá gbé itọ́ mì, màá mọ̀ ọ́n lára. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kò sí nǹkan kan. Àfi kí n rántí rẹ̀ báyìí, ó ti dé. Oúnjẹ wá ń bà mí lẹ́rù. Mo fi ẹ̀bà sílẹ̀, mo fi iṣu sílẹ̀, ẹ̀kọ mímu ni mo ń mu. Ẹ̀kọ náà tún di nǹkan. Sòkòtò ń bọ́ nídìí mi. Apá mi kò lè fa àwọ̀n mọ́. Àyà mi á ṣàdédé máa lù kìkì.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi létí omi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Mautin, ṣé ààwẹ̀ lò ń gbà ni?" Òmíràn á ní, "Ẹ so òkúta mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ o, atẹ́gùn òkun ń bọ̀!" Nígbà tó yá, wọn kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ìyá mi jókòó tì mí lọ́jọ́ kan. Ìyá mi wà níbí lónìí. Ìyá mi, ẹ má bínú pé mò ń sọ ọ́.

"Ta lo ṣẹ̀?" ni wọ́n wí.

"Mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"Ta ló wá sílé wa lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀?"

 Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ yẹn, mi ò ní lè gbé e padà sẹ́nu. Mo dá a. Mo ní, "Ìyá Sẹ̀nàmí ni. Wọ́n dojú bàsíà dé lórí, wọ́n wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀."

Mo sọ ti bàsíà. Mi ò sọ ti àkájà.

Ìyá mi kígbe. "Mo mọ̀! Ilé bàbá rẹ ni!" Kí ọjọ́ ọjà tó pé, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí omi. Àwọn obìnrin tó máa ń ra ẹja yíyan lọ́wọ́ Ìyá Sẹ̀nàmí bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá. Àwọn aládùúgbò ń pe ọmọ wọn kúrò nídìí ààrò wọn. Ẹnikẹ́ni kò sọ ìdí fún wọn. Bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn: ẹni tó kàn ló ń gbẹ̀yìn gbọ́.

Ìgbà yẹn ni mo wá dúró níwájú yín. Bàbá Pásítọ̀ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ohun tí mo sọ fún wọn ni wọ́n fi gbàdúrà. Gbogbo ìjọ dìde. Ẹ ní kí ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ mi má rí oúnjẹ jẹ bí mi ò ṣe rí jẹ. Ẹ̀yin ará, Ìyá Sẹ̀nàmí wà nínú ilé yìí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ òpó yẹn ni wọ́n dúró sí. Wọn kò tíì mọ̀ pé àwọn ni mò ń wí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ló ń ṣàìsàn, nítorí náà wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń ṣe Àmín tó borí tiyín. Mo rí wọn. Ojú mi là sílẹ̀ kedere, mo ń wò wọ́n, mo sì jẹ́ kí àdúrà náà tẹ̀síwájú.

Ọlọ́run, o ṣeun tí o kò gba gbogbo ohun tí a bá fi Àmín sí.

Ara mi kò yá. Ó tún le sí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ní Otto, ló wá fà mí lọ sí ọsibítù ní Badagry. Wọ́n yẹ̀ mí wò dáadáa. Wọ́n ya fọ́tò ọrùn mi. Wọ́n fi okùn róbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí wọ ihò imú mi dé ọ̀fun. Dókítà tó ṣe é, ọmọbìnrin tí kò dàgbà jù mí lọ, ó pe mí jókòó.

"Brọ̀dá, ọ̀nà ọ̀fun yín mọ́. Kò sí eegun níbẹ̀."

"Dókítà, ẹ tún un wò. Mò ń mọ̀ ọ́n lára báyìí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Mo gbà pé ẹ̀ ń mọ̀ ọ́n lára. Ẹ ò purọ́. Bí ọkàn bá le, iṣan ọ̀fun náà lè le, á dà bí ẹni pé nǹkan há síbẹ̀. Tí ẹ bá sùn, ṣé ẹ máa ń mọ̀ ọ́n lára?"

"Rárá."

"Eegun kì í sùn, Brọ̀dá."

Mo bínú. Mo ní, "Ṣé ẹ rò pé mo ti ya wèrè ni?"

Kò bínú. Ó ní, "Orí yín pé. Ọ̀fun yín náà pé. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀fun mi fún pọ̀ débi pé mo fọwọ́ dì í mú. Ó rí i. Ó ní, "Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn, ẹ lọ bá a sọ ọ́. Tó bá jẹ́ èmi lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún, mo wà níbí. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má sì fi ebi pa ara yín."

Mo délé, mo sọ fún ìyá mi pé àwọn dókítà kò rí i. Ìyá mi ní, "Wọn ò lè rí i. Kì í ṣe ohun tí dókítà ń rí." Ọ̀rọ̀ yẹn tù mí nínú. Ẹ ò rí i? Ó wù mí kí n máa ṣàìsàn ju kí n jẹ́wọ́ lọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, Ìyá Sẹ̀nàmí ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi láràárọ̀. Wọ́n á sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kó lè fúyẹ́. Ìyá mi á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ dà á sẹ́yìn ilé. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń dà sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi ti lọ sí Otto. Èmi nìkan wà lórí ẹní. Ìyá Sẹ̀nàmí wọlé fúnra wọn.

"Mautin, à fọ́n gánjí à?" Bí àwa Ègùn ṣe ń béèrè nìyẹn, ṣé dáadáa lèèyàn jí.

 Wọ́n jókòó. Àwọn náà ti rù. Mi ò kíyè sí i tẹ́lẹ̀, torí ara mi nìkan ni mò ń wò. Wọ́n ṣí abọ́. Wọ́n bu ṣíbí kan, wọ́n sì gbé e sẹ́nu ara wọn. Wọ́n gbé e mì, wọ́n wá lanu hàn mí, bí ọmọdé tí wọ́n ní kó fi hàn pé òun ti lo oògùn.

"Ṣé o rí i?" ni wọ́n wí. "Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mu díẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ti mọ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ń gbé ẹ̀kọ wá. Àgbàlagbà tó gbé mi pọ̀n, ó ń tọ́ oúnjẹ wò lójú mi bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀yin ará, nǹkan fọ́ nínú mi. Mo dojú bolẹ̀ lórí ẹní yẹn, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti ọjọ́ ìsinmi, mo sọ ti àwọn ọ̀rẹ́ mi láti Ajara, mo sọ ti irọ́ tí mo pa, mo sọ ti àdúrà.

Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n wá béèrè ohun kan tí mi ò retí.

"Ṣé ẹja náà sanra?"

"Rárá, Ma. Wọn ò tíì tó."

"Mo mọ̀. Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé kí a jẹ́ kí òjò kan kọjá lórí wọn." Wọ́n mi orí. "O kò tiẹ̀ jẹ́ kí olè náà dùn."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo béèrè ọ̀rọ̀ bàsíà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò kọ́kọ́ rántí rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ òótọ́? Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé o ń purọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú wà lẹ́nu mi, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo rántí bàbá rẹ, mo bá dákẹ́. Òjò ti ń kán, ẹja mi sì wà lórí ààrò, mo dé bàsíà sórí, mo yára lọ sílé. Ìwọ wá dùbúlẹ̀ sí abẹ́ bàsíà mi láti ìgbà yẹn?"

Mo sunkún, mo sunkún. Ìgbà tí mo gbójú sókè, abọ́ wà lọ́wọ́ mi, ó sì ti dé ìdajì. Mi ò mọ ìgbà tí mo mu ún. Mi ò rántí pé mo ní ọ̀fun!

Ẹ yin Olúwa! Ẹ yìn ín, ó tọ́ sí i!

Mi ò ní bù mọ́ ọn o. Kò lọ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ kẹta ni mo jẹ iṣu sísè. Ó tó oṣù kan kí n tó lè fa àwọ̀n. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí mo máa ń mọ̀ ọ́n lára díẹ̀, pàápàá bí mo bá ń fi nǹkan pamọ́. Mo padà lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹn wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Brọ̀dá, ẹ ti ń sanra. Ta lẹ bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹni tó ń se ẹ̀kọ fún mi."

"Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé oògùn wọn ju tèmi lọ."

Mo jíṣẹ́ náà fún wọn. Wọ́n kàn ní kí n bá àwọn wá igi ìdáná.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n kú pẹ̀lú irọ́ lẹ́nu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà tó sọ òótọ́ fún mi nígbà tí mi ò fẹ́ gbọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Wọ́n ti lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Sẹ̀nàmí, wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin tí ara ń ni níbí, mi ò sọ pé gbogbo àìsàn ni èrò ọkàn ń fà o. Ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò dáadáa, ẹ lo ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ lò. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yẹ ara yín wò tí wọ́n ní ó mọ́, ẹ má tètè wá ẹni tó fi nǹkan síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ̀ ń gbé mì láràárọ̀ tí ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Èrò tí mo tì mọ́ inú, òun ló fẹ́ pa mí. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ jáde, oúnjẹ rọ́nà wọlé.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òpó yẹn. Ìyá Sẹ̀nàmí kò sí níbẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi wá lónìí. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n àwọn kò tíì lè wá jókòó láàárín àwọn tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá ilé àwọn. Ara tèmi ti yá, ẹ̀yin ará. Tiwọn kò tíì yá. Èmi ni mo kó o ràn wọ́n, èmi nìkan kò sì lè wò ó sàn.

Bí a bá jáde níbí, ẹ má gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹ gba ojú ilé wọn kọjá. Ẹ kí wọn. Ẹja wà lórí ààrò wọn láti àárọ̀.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi tán.